Ọkọ̀ Fẹ́ Ooru

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọkọ̀ mi fi dójú tì mí. Bí mo bá sítáàtì rẹ̀ nínú ọgbà wa ní Ẹ̀gbẹ́dá, jẹ́jẹ́ ni yóò máa kùn bí ọmọlúàbí. Kí a tó dé Ìdímù báyìí, ọwọ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó á ti gbéra, á lọ dúró síbi pupa, èéfín á sì máa rú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èmi náà á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, màá máa bú u bí ẹni tó ń bú èèyàn.

Ká ní èmi nìkan ni, ǹ bá wọ bọ́ọ̀sì. Ìyá mi ni ìṣòro náà dá lé lórí. Rọpárọsẹ̀ ti mú un ní apá ọ̀tún lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la sì máa ń lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìgandò, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rìn. Kò lè gun bọ́ọ̀sì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá á sì gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì kó tó dé ibẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré la débẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ti ń gbé díẹ̀díẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Mo rí i, ó dùn mí wọra, mi ò sì lè sọ fún un.

Mẹkáníìkì mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú ọ́ìlì, ti ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Ó fọ rédíétọ̀, níbi tí omi tó ń tu ẹ́ńjìnì lára ti máa ń tutù. Ó pààrọ̀ ìdérí rẹ̀. Ó yẹ gbogbo rọ́bà wò bóyá omi ń jò, omi ò jò. Fáànù tó wà lẹ́yìn rédíétọ̀ ńkọ́? Ìyẹn ò tíì pé oṣù kan. Tòkunbọ̀ ni, ríwáyà, ìyẹn oníná ọkọ̀, ló bá wa so ó ní tààrà kó lè máa yí gbàrà tí a bá ti sítáàtì ọkọ̀. Gbogbo wa sì ń wò ó bó ṣe ń yí fìrìfìrì.

“Àǹtí, ẹ jẹ́ ká tú ẹ́ńjìnì yìí palẹ̀. Inú ẹ̀ ló ti jó ṣá.”

“A ò tú nǹkan kan.”

“Àbí kẹ́ ẹ kúkú tà á fáwọn oníkọ́ńdẹ́mù tó ń ra àlòkù irin.”

Mo wò ó títí tó fi wolẹ̀. Onínúfùfù ni mí, mi ò sẹ́. Mo fàáké kọ́rí. Mo ní ọkọ̀ tí kì í gbóná nílé, tó jẹ́ pé ojú títì ló ti ń gbóná, ó ní ohun tó ń bá a jà lójú ọ̀nà. Mi ò mọ nǹkan ọ̀hún, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní í la inú ọkọ̀ mi kí n tó mọ̀ ọ́n.

Nígbàkígbà tí a bá ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ìyá mi á jókòó sórí àga rẹ̀ ní ìta, iwájú ọkọ̀ á sì kọjú sí i. Látìgbà àìsàn yẹn, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, pẹ̀lú ìnira. Á ní, “Ooru.” Lọ́jọ́ kìíní, mo gbé àga rẹ̀ sábẹ́ ìbòòji. Lọ́jọ́ kejì, mo fún un ní abẹ̀bẹ̀. Á tún fajú ro: “Ooru!” Èmi á dáhùn láti inú bọ́nẹ́ẹ̀tì pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá, mo ń bọ̀.” Mẹkáníìkì náà á ní, “Oòrùn ọdún yìí le jàre.” Àánú rẹ̀ ń ṣe wá débi pé a ò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀la ló yẹ ká lọ sí Ìgandò. Mo sọ fún mẹkáníìkì pé a ò ní í kúrò nídìí ọkọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà tí a ò bá mọ ohun tó ń ṣe é. Ìgbà náà ni ìyá mi kó gbogbo agbára rẹ̀ jọ.

“Ọkọ̀… fẹ́… ooru.”

Mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín. “Màmá ní ọkọ̀ fẹ́ ooru! Ọkọ̀ wo ló máa ń fẹ́ ooru? Omi tútù ni wọ́n ń fẹ́ o, Màmá.”

Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ mú abẹ̀bẹ̀, ó nà án sí iwájú ọkọ̀, ó wá yí i padà sí mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ mi lójú, pà, pà, pà.

Ó wá yé mi. Kì í ṣe fẹ́ tí èèyàn ń fẹ́ oúnjẹ ló ń sọ, fẹ́ tí abẹ̀bẹ̀ ń fẹ́ ni. Mo lọ dúró síwájú ọkọ̀ níbi tó kọjú sí, atẹ́gùn gbígbóná sì kọ lù mí lẹ́sẹ̀. Mo tú ìborùn mi, mo nà án síwájú rédíétọ̀. Ṣe ló yẹ kí fáànù fà á lẹ̀ mọ́bẹ̀. Ìborùn fò padà sí mi láyà.

Mẹkáníìkì pe ríwáyà lórí fóònù.

“Ṣé fáànù ń yí àbí kò yí?” ìyẹn bèèrè.

“Ó ń yí.”

“Kí lẹ wá ń bi mí sí?”

“Ẹ̀yìn ló ń yí sí!”

Waya méjì péré ni, ríwáyà ti gbé ọ̀kan sípò èkejì. Fáànù tó yẹ kó máa fa atẹ́gùn wọlé wá ń ti ooru ẹ́ńjìnì jáde. Nílé, kò fi bẹ́ẹ̀ burú, torí atẹ́gùn díẹ̀ ṣì ń kọjá. Lójú títì, atẹ́gùn ọ̀nà ń bọ̀ níwájú, ti fáànù ń bọ̀ lẹ́yìn, àwọn méjèèjì á máa kàn bí àgbò nínú rédíétọ̀, ìkankan ò ní í kọjá. Mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ ló tú waya náà, tó sì gbé wọn sípò. Mo tún na ìborùn, ó lẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀ típẹ́típẹ́.

Mẹkáníìkì dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi. “Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, àwa tá a dúró ò rí i, Màmá. Ẹ má bínú.” Mo kúnlẹ̀ ti àga rẹ̀, mo sì di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú pẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, a kọjá Ìdímù, a kọjá Ìkọ̀tún, ọwọ́ tó ń sọ ìgbóná ẹ́ńjìnì ò kúrò láàárín. Mo ti gbé gbogbo gíláàsì sókè nítorí eruku. Lójijì ni ìyá mi ní, “Ooru.”

Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo pa rédíò, mo sì kọjú sí i. “Níbo, Màmá? Apá ibo nínú ọkọ̀?”

Ó wò mí, ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín, ó sì gbá àyà ara rẹ̀.

“Èmi,” ó ní.

Mo sọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kalẹ̀, a sì dé Ìgandò kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀.