Ọjọ́ Tí Màmá Àgbà Béèrè Àwọn Ọ̀pọ̀lọ́

Ọjọ́ tí màmá àgbà béèrè àwọn ọ̀pọ̀lọ́ lọ́wọ́ mi ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi.

Màmá àgbà ni wọ́n bí bàbá mi. Wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé wa ní Àgídìngbì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé iṣẹ́ kan. Ọ̀pọ̀lọ́ kún ibẹ̀. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ náà ń rí mi lára, ni mo bá ń da iyọ̀ lé wọn lórí títí mo fi pa gbogbo wọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kòkòrò ti jẹ tẹ̀tẹ̀ náà, ewé rẹ̀ lu bí ajere.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, màmá àgbà já ewé kan, wọ́n ní, "Káyọ̀dé, àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó ń bá mi jẹ kòkòrò ibí dà?"

"Mi ò rí wọn o, mà."

Wọ́n mi orí. "Ẹ̀bi tèmi ni. Omi ọṣẹ tí mò ń dà síbí ló lé wọn lọ."

Lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé omi ìfọṣọ lọ dà sí gọ́tà iwájú ilé. Títí ọlọ́jọ́ fi dé bá wọn, bí mo bá bá wọn gbé e, wọ́n á ṣàdúrà fún mi. Àmín kì í jáde lẹ́nu mi.