Ẹ̀rọ Ìsanwó Tí Ọ̀gá Rán Aṣọ Dè

Mo rántí ìgbà tí mo máa ń so táì mọ́rùn nínú oòrùn Ìsẹ́yìn, tí mo rò pé ẹni tó bá ń sọ òótọ́ níbi iṣẹ́ ni wọ́n máa ń gbé ga. Ọmọdé ń ṣe mí. Ilé iṣẹ́ wa fẹ́ pín ẹ̀rọ POS fún àwọn tó ń ta gààrí ní ọjà Ìwéré-Ilé, ìyá mi sì wà lára wọn. Iṣẹ́ tèmi ni láti rí i pé sọ́fítíwíà wa àti ti báńkì gbọ́ra wọn yé, kí n tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí pé ẹ̀rọ náà ti tó pín.

Nínú ọ́fíìsì, ó ń ṣiṣẹ́ geere. Kí ló fẹ́ ṣe é tí kò ní ṣiṣẹ́? Ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí i lára, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì kún fọ́fọ́. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìwéré-Ilé máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, bó ṣe wù ú? Mo bá pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì nígbà tí ìsanwó ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ní owó kò lọ. Báńkì ti yọ owó ní tirẹ̀, owó náà kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tajà. Mo tún un ṣe, bákan náà ni. Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ ìyá mi: bí oníbàárà bá yarí pé òun ti sanwó ńkọ́, tó gbé gààrí lọ?

Mo ní n kò ní fọwọ́ sí i. Ọ̀gá wa, tó ti Ìbàdàn wá, tí kì í rìn láìsí ayàwòrán lẹ́yìn rẹ̀, wò mí bí ẹni ń wo eṣinṣin nínú ọbẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni? Wọ́n ti ta kánópì ayẹyẹ ìpín ẹ̀rọ sọ́jà. Mo ti rán aṣọ!"

Ó ti rán aṣọ o! Ẹ ò rí ohun tó fi mọ̀ pé ẹ̀rọ dára! Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, ó ní bí ayẹyẹ bá ti parí, iṣẹ́ mi ti tán, kí n máa lọ sílé.

Lọ́jọ́ ọjà, agbádá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá gbogbo ilẹ̀ mọ́. Ó ní òun gbé ọ̀làjú wá fún wa, bíi pé inú igbó ló ti bá wa. Ó ní òun lòun máa kọ́kọ́ rajà. Ta ló lọ bá? Ìyá mi. Ó ní òun fẹ́ àpò gààrí kan, ó ki káàdì bọ ẹ̀rọ, ó rẹ́rìn-ín sí ayàwòrán. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Ẹ̀rọ ní owó kò lọ.

"Ẹ tún un tẹ̀, sà," ni ìyá mi wí jẹ́jẹ́.

Ó tún un tẹ̀. Ojú ń tì í láti jáwọ́ níṣojú èrò, ló bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, fóònù rẹ̀ sì ń dún nínú agbádá. Ìgbà tó yọ fóònù wò, tó rí gbogbo owó tí báńkì ti yọ, ó lọgun: "Mo ti sanwó! Ẹ gbé gààrí mi fún mi!"

Ìyá mi jókòó lé àpò náà. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ̀rọ yín ló ní ẹ kò tíì san."

Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ padà sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé ọ̀gá ń sọ kiri pé òun fi owó ara òun ṣàwárí àléébù ẹ̀rọ, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Àmì ẹ̀yẹ! Èmi ò padà síbi iṣẹ́ yẹn mọ́. Ṣakí ni mo wà báyìí, mo ń tún fóònù ṣe, n kì í sì so táì. Ìyá mi ti fi èyí tí mo ní so ẹnu àpò gààrí tí ọ̀gá ò rí gbé lọ.