Gbólóhùn Tí Ẹnu Mi Kọ̀ Láti Parí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í sábà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èyí kò ṣeé gbé mì.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń gbálẹ̀ ní ọsibítù kan ní Warri níbí. Àyè wá ṣí sílẹ̀ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì àwọn aláìsàn, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, àfẹnusọ. Mo parí sẹ́kọ́ńdìrì, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́!

Tósìn ọmọ mi ló ń kọ́ mi ní gbólóhùn oní "if": ohun tó lè ṣẹlẹ̀, ohun tí a kàn ń fọkàn rò, àti ohun tí ì bá ti ṣẹlẹ̀ àmọ́ tí kò ṣẹlẹ̀. Ìkẹta yẹn le! Bí mo bá ṣì í, Tósìn á ní, "Mama, no be 'would has'! Talk am again." Mò ń sọ ọ́ nídìí ìkòkò, mò ń sọ ọ́ nínú kẹ̀kẹ́.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Mátírọ́nù àti bàbá kan tó jẹ́ ẹ̀yà Ìjọ́ (Ijaw), akọ̀wé àgbà, ló jókòó síwájú mi. Mo dáhùn ìbéèrè mẹ́rin wọ́ọ́rọ́wọ́. Ni mátírọ́nù bá wo fọ́ọ̀mù mi, ó rí i pé ọkọ̀ ojú omi ni ọkọ mi ń wà. Ó ní kí n parí èyí: "If my husband's boat had sunk this morning..."



Ìyókù gbólóhùn náà wà lórí ahọ́n mi! Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ yẹn gan-an ni ọkọ mi kó èrò kúrò ní èbúté Ogbe-Ijoh. Nínú ilé àwa Ìlàjẹ, ta ni yóò fi irú ẹ̀ sẹ́nu nígbà tí ẹni rẹ̀ wà lórí omi?

Mátírọ́nù ní, "Madam, you no sabi am?" Ó ti gbé bírò láti kọ òdo.

Iṣẹ́ yìí ń lọ! Àbí kí n sọ ọ́, kí ọkàn mi máa gbọ̀n títí di ìrọ̀lẹ́?

Mo ní, "I sabi am, ma. But my husband dey for water now-now. I no fit put am for mouth. Abeg, give me another one."

Bàbá Ìjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Matron, my papa na fisherman. Who talk dat kain thing for our house go chop slap!"

Mátírọ́nù ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n parí òmíràn: "If the generator had failed..."

"...we would have carried lamps to the ward, ma." N kò tilẹ̀ mí sí i!

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n pè mí, wọ́n gbà mí. Mátírọ́nù fúnra rẹ̀ ló fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì náà. Ó ní ẹni tó mọ ohun tí kò yẹ kó ti ẹnu rẹ̀ jáde ló yẹ kó máa tọ́jú fáìlì aláìsàn.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí a má kàn dákẹ́. Ká ní n kò sọ ìdí tí mo fi dákẹ́ ni, aláìmọ̀kan ni wọn ì bá pè mí. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ní kí ẹ sọ ohun kan rí, tí ẹnu yín kọ̀ jálẹ̀? Báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá kà á.