Ìgò Kẹrìnlá

Ẹ dé láàbù ìlera ìlú, ẹ béèrè Ìyá Ẹlẹ́fọn, wọ́n á nawọ́ sí àga ẹ̀bá fèrèsé. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti fi ń wo ẹ̀fọn lábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá, tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ níkọ̀ọ̀kan: èyí tó ń gbé ibà lásán, èyí tó ń gbé ibà pọ́njú. Ibà pọ́njú yìí ti pa èèyàn mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀rù ń ba gbogbo ìlú.

Nọ́ńbà nìkan ni wọ́n ń kọ sára ìgò tanwíjí tí àwọn wolé-wolé bá bù wá láti ilé onílé, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣojúsàájú. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó yẹ ìgò kẹrìnlá wò. Tanwíjí ibẹ̀ ti di ẹ̀fọn. Ó wo ọ̀kan, ó wo mẹ́wàá, gbogbo wọn ló ní ilà funfun lẹ́sẹ̀. Abilà tó ń gbé ibà pọ́njú ni, tó ń jẹni lọ́sàn-án gangan!

"Háà! Ọ̀bùn wo ló nilé yìí?"

Akọ̀wé láàbù rẹ́rìn-ín, ó ṣí ìwé tí orúkọ àwọn onílé wà. Ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. "Ẹ má bínú, mà. Ilé yín ni. Inú agolo abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ ni wọ́n ti bù ú."

Ìyá fúnra rẹ̀ ló gbé ẹsẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù lé agolo omi mẹ́rin, kí èèrà má baà gùn ún. Omi ilé gbogbo ayé ló ń dà nù, kò rántí tiẹ̀. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, olóyún oṣù mẹ́jọ, wà nílé. Láàárọ̀ yẹn ló ní orí ń fọ́ òun. Ìyá ní kó lọ sùn, oyún lásán ni.

Kò bọ́ aṣọ iṣẹ́ tó fi sáré jáde. "Ọlọ́run, má jẹ̀ẹ́ n fọwọ́ ara mi ṣera mi," ló ń wí lójú títì, bí ẹni tórí ẹ̀ dàrú.

Ọmọ jókòó ti kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi ìborùn bora nínú ooru ọ̀sán.

"Màmá, ẹ ti dé? Ẹ wá wo oníbàárà yín." Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ̀fọn kan ló pa síbẹ̀, tòun tẹ̀jẹ̀, ilà funfun lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìyá ò nílò awò.

Ó fọwọ́ kan ọrùn ọmọ.

"Ara ẹ gbóná."

"Mo mọ̀, mà," lọmọ dáhùn. "Ẹ̀yin náà lẹ sáà ní oyún ni."