Mo Fẹsẹ̀ Rìn Láti Ifọ̀ Dé Mowe Nítorí Ayọ̀

Kí n tó kọjá ẹnu géètì wa ni mo ti ṣìṣe nínú ìrìn àjò yìí, kò sí ẹlòmíì tó ṣe é, èmi ni.

Nígbà tí ìyàwó mi ń rọbí, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń wo ara wọn lójú, mo jẹ́ ẹ̀jẹ́: bí tìyá tọmọ bá yè, màá fẹsẹ̀ rìn láti Ifọ̀ dé ilẹ̀ àdúrà ní Mowe, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí màá fi kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ó bí. Ayọ̀ la sọ ọmọ.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo jáde. Ìyá Sùkúrà, aládùúgbò wa tó ń bá wa wẹ ọmọ láràárọ̀, ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú kànhìnkànhìn lọ́wọ́.

"Bàbá Ayọ̀, ṣé dáadáa la jí?"

Mo kọjá lára wọn bí ẹni kọjá lára òpó iná.

"Háà! Èmi?"

Tírélà àti eruku ni mo bá rìn dé Àgbàdo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, mo na ìka méjì sí ẹlẹ́wà.

"Ṣíbí méjì àbí igba náírà? Igba ò ra nǹkan kan mọ́ o!" Mo tún na ìka. Ó yíjú sí oníbúrẹ́dì: "Ó mà ṣe o, ọmọkùnrin tó dáa báyìí, odi ni." Ẹgbẹ̀rin náírà ni gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì. Mo gbé ẹ̀rín mì pẹ̀lú ẹ̀wà.

Nírọ̀lẹ́, ní Àkúté, bàbá afọ́jú kan fẹ́ sọdá títì. Mo di ọwọ́ wọn mú, wọ́n já a gbà.

"Ta nìyẹn? Mi ò bá ọwọ́ tí kò lóhùn sọdá. Ṣé olè ni ẹ́ ni?"

Wọ́n fúnra wọn gbé ẹsẹ̀ sójú títì. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ń sáré bọ̀. Ojú Ayọ̀ wá sí mi lọ́kàn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ṣé nǹkan ò ní ṣe é?

"Bàbá, ẹ dúró!"

Wọ́n dúró. Kẹ̀kẹ́ kọjá. Nígbà tí a sọdá tán, omi bọ́ lójú mi, mo sì sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn.

"Ọlọ́run ló ní kí o má kí èèyàn ni, àbí ìwọ lo fi kún un?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Yọ tìrẹ kúrò, kí o rin èyí tó kù. Wá sùn nílé mi."

Lọ́jọ́ kejì, láti Alágbolé títí dé ojú ọ̀nà márosẹ̀, kò sẹ́ni tí mi ò kí. Ní Ìbàfò, kọ̀ńdọ́kítọ̀ kan pè mí: "Mowe, wọlé!"

"Ẹsẹ̀ ni mo fi ń lọ."

"Ẹsẹ̀ kẹ̀? Kí lo ṣe?"

"Mo bímọ ni!"

"Bàbá ọmọ!" Ó ju omi tútù inú ọ̀rá kan sí mi láti ojú fèrèsé.

Ẹsẹ̀ mi ti wú kí n tó kúnlẹ̀ ní Mowe, àmọ́ mi ò gun nǹkan kan. Orí mi wú jù ú lọ.

Ọkọ̀ ni mo wọ̀ padà. Ẹ̀rín ni ìyàwó mi fi pàdé mi.

"Ìyá Sùkúrà wẹ ọmọ o, ní àárọ̀ méjèèjì. Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n ní àwọn náà ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé àwọn ò ní dá yín lóhùn, àfi tí ẹ bá fẹsẹ̀ rìn wá kí àwọn."

Ẹ̀yìn ògiri wa ni ilé wọn. Láràárọ̀ ni mo ń lọ dọ̀bálẹ̀ báyìí, wọ́n sì ti ń dáhùn. Àmọ́ "Ẹ káàárọ̀, mà" ti ọjọ́ yẹn, tí kànhìnkànhìn wà lọ́wọ́ wọn nítorí ọmọ mi, mi ò tíì rí ibi tí mo ti lè san án.