Bùsírátù Oníkùrukùru ní Igbó Wásinmi

Òtítọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tó wà níhìn-ín. Bí irọ́ tó tín-ín-rín bí irun orí bá wọ inú rẹ̀, kí iyọ̀ di eérú lẹ́nu ẹni tó kọ ọ́.

Ta ló ń ya fíìmù ní Abẹ́òkúta tí kò mọ Bùsírátù, ọmọ Sàlàhúdíìnì tó ń ta ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì ní Aké? Ẹ̀rọ kùrukùru ni iṣẹ́ tirẹ̀. Á tan ẹ̀rọ náà, èéfín funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á bo ibi gbogbo, ìtànṣán oòrùn tí ojú kì í rí á wá hàn gbangba bí ọ̀pá. Èéfín ọ̀hún kì í tani lójú, kì í sì í rùn. Ọwọ́ Bùsírátù mọ́ ọn débi pé, bó bá wù ú, á fi sọ ọ̀sán gangan di ìdájí.

Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ iṣẹ́ náà níbẹ̀rẹ̀. "Èéfín lo fẹ́ máa fi jẹun? Lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá yọrí, ìsọ̀ ni kí o padà sí."

Wásinmi ni ẹ̀ẹ̀kan náà bọ́ sí. Jedidiah, olùdarí eré, fẹ́ kí oòrùn àárọ̀ gba àárín igi wọlé bí ẹni pé ọ̀run ń nawọ́ sílẹ̀. Bí oòrùn bá ti ga ju igi lọ, ó tán nìyẹn. Bùsírátù tan ẹ̀rọ. Ọyẹ́ gbá èéfín lọ. Ó tún un tàn. Ọyẹ́ tún gbé e gba orí oko kọjá.

"Bùsí, oòrùn ò ní dúró dè wá o."

"Èmi náà ń wò ó, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n mí."

Kò tíì mí tán tí ajá fi ń gbó. Àwọn ará oko ti rí èéfín. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí èéfín bá yọ nínú igbó, wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan ń sungbó ni, òkété ò sì ní pẹ́ sá jáde. Gbogbo abúlé gbé kùmọ̀, wọ́n yí igbó po. Bàbá Fátọ́lá, àgbà wọn, ló ṣíwájú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ibo ni iná ń gbà bọ̀?"

"Ẹ kú àárọ̀, bàbá. Kò síná. Ẹ̀rọ ló ń ṣèéfín."

"Èéfín tí kò níná. Ẹ ti fi ẹran dá wa lọ́fun tòlò lásán."

Jedidiah fẹ́ lé wọn. Ṣùgbọ́n Bùsírátù ti rí i pé níbi tí èrò pọ̀ sí, èéfín kò lọ mọ́, ẹ̀yìn wọn ló dúró sí. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ bá mi tò síbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí ẹ sì na aṣọ yín."

"O fẹ́ ká di ògiri?"

"Ògiri tó ń mí, bàbá."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí òkété bá gba ẹsẹ̀ mi kọjá, ògiri á sáré o."

Àwọn obìnrin tú ìborùn, àwọn ọkùnrin bọ́ dàńṣíkí, wọ́n nà án ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kùrukùru dúró jẹ́ẹ́. Oòrùn wọlé, igba ọ̀pá wúrà ló nà sílẹ̀. Àwọn ẹyẹ rò pé ilẹ̀ tún ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, wọ́n tún kọrin àárọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Òkété kan tó tó ọmọ ewúrẹ́ jáde, ó jókòó, ó ń wòran. Kò sẹ́ni tó rántí kùmọ̀. Kámẹ́rà ya gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí Sàlàhúdíìnì wo àwòrán náà lórí fóònù tán, ó dá fóònù padà fún ọmọ rẹ̀.

"Ìsọ̀ ti kún," ló wí. "Kò sáyè fún ọ níbẹ̀ mọ́."

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ sí Wásinmi, kó béèrè Bàbá Fátọ́lá. Ó wà láyé, ojú rẹ̀ ń ríran kedere, òun gan-an ló sì dúró síbi tí ọyẹ́ ti le jù.