Ẹ Bi Aláboyún Léèrè

Kò sí tíṣà tó lóyún tó ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí. Láàárọ̀ ó lè lóyún ìbejì, tó bá di ọ̀sán kó tún lóyún òmíràn. Ìrọ̀rí ló máa ń so mọ́ ikùn, táá fi aṣọ dì í gádígádí, táá gun bẹ́ẹ̀dì níwájú kíláàsì, táá wá figbe ta: "Yéè, ẹ gbà mí o!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á yí i ká, wọn ò ní mọ̀ bóyá kí wọ́n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí wọ́n ṣiṣẹ́.

Bí a ṣe ń gbẹ̀bí kọ́ ló ń kọ́ wọn. Àwọn tíṣà mìíràn ń ṣe ìyẹn. Tirẹ̀ ni bí a ṣe ń tọ́jú aláboyún tí ìṣe ilé rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé tiwa. Ó lè di obìnrin tí kò fẹ́ kí wọ́n tú aṣọ orí òun. Ó lè di èyí tó fẹ́ bímọ lórí ìkúnlẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó di èyí tí kì í bá àjèjì sọ̀rọ̀, ló bá panu mọ́ pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan rò pé ó ti dákú, ó da omi lé e lórí, tìrọ̀rí-tìrọ̀rí ló rin gbingbin. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì ní yàrá ìrọbí ẹ̀gbẹ́ kíláàsì wọn, ẹ̀rín ni mo fi ṣe oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ju pé kí wọ́n bèèrè lọ. Ẹ má wo aṣọ ènìyàn, kí ẹ wá rò pé ẹ ti mọ inú rẹ̀. Abèèrè kì í ṣìnà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Ẹ-Bèèrè, lẹ́yìn rẹ̀ ni o, torí ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu.

Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Bàbá Agbẹ̀bí ni wọ́n ń pè é láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ náà gbọ́n, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ bí òwú, ṣùgbọ́n ó ku ìgbẹ̀bí kan kó tó lè yege, ọdún ẹ̀kọ́ sì ti fẹ́ parí. Bí kò bá rí i ṣe, àtúnkà ni. Obìnrin á máa rọbí, òun á máa wọ ìbọ̀wọ́, àwa á ti rán an lọ bu omi. Omi tó ti bù nílé ìwòsàn wa á kún kànga.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ẹ̀gbọ́n mi àti ọmọkùnrin náà wà lọ́dọ̀ mi ní yàrá ìrọbí nígbà tí aláboyún kan wọlé, aṣọ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ojú nìkan ló yọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ìyá tí gbogbo àwa òṣìṣẹ́ mọ̀ bí ẹní mowó, torí òun ló ń rán aṣọ iṣẹ́ wa. Bàbá Agbẹ̀bí dìde. Ẹ̀gbọ́n mi wo obìnrin náà, ó wo ọmọkùnrin náà, àánú rẹ̀ ṣe é.

"Má ṣèyọnu, ọmọ mi," ló wí. "Irú wọn kì í gbà kí ọkùnrin sún mọ́ wọn. Lọ bá wa bu omi wá."

Ohùn kan jáde láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹnikẹ́ni ti bi mí léèrè?"

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi ń wo ilẹ̀. Láti kékeré, n kò rí i kí ọ̀rọ̀ pèsì jẹ lẹ́nu rẹ̀ rí, inú mi sì dùn débi pé mo ní láti di ògiri mú.

"Ẹ má bínú, ìyá ọmọ," ló wí níkẹyìn. "Ṣé ẹ fẹ́ kí ọkùnrin yìí gbẹ̀bí fún yín?"

"Òun gan-an ni mo fẹ́! Ọ̀rẹ́ ìyá ọkọ mi ni gbogbo ẹ̀yin yòókù. Bí mo bá kígbe níbí báyìí, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo àdúgbò á ti máa sín igbe mi jẹ. Òun ò mọ ẹnì kankan. Kí Màmá náà dúró síta."

Bí ìyá ọkọ ṣe bá ara rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilẹ̀kùn nìyẹn, tó fajú ro.

Bàbá Agbẹ̀bí fọwọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó bẹ̀rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè ká aṣọ yín sókè díẹ̀?" Ká a. "Ṣé kí n máa sọ ohun tí mò ń ṣe, àbí kí n dákẹ́?" Máa sọ ọ́. "Ṣé ẹ máa dùbúlẹ̀ ni, àbí ẹ máa kúnlẹ̀?" Obìnrin náà kúnlẹ̀. Ìrora gbóná janjan, orí ọmọ yọ, Bàbá Agbẹ̀bí sì tẹ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè gba..."

"Gbà á jàre! Ṣé kó jábọ́ ni?" ni obìnrin náà kígbe.

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín pa obìnrin náà fúnra rẹ̀ láàárín ìrora, mo sì lè búra pé ẹ̀rín yẹn ló ti ọmọ jáde. Ọmọbìnrin ni, ariwo rẹ̀ bo tiwa mọ́lẹ̀. Bàbá Agbẹ̀bí gbé e dání, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"O ti yege!" ni ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo. Ó fẹ́ jó, àmọ́ ilẹ̀ ń yọ̀.

Nígbà tí a tún ibẹ̀ ṣe tán, Bàbá Agbẹ̀bí jáde lọ kí ìyá ọkọ kú oríire. Kò pẹ́ tó fi padà wọlé, ojú rẹ̀ rí bákan.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó sọ fún ìyá ọmọ, "Màmá ní kí n bá àwọn bi yín, bóyá àwọn lè wọlé."

Obìnrin náà wo ilẹ̀kùn, ó wo ọmọ tó wà láyà rẹ̀. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn," ló wí, "wọn ò bi mí léèrè nǹkan kan rí. Ní kí wọ́n máa bọ̀. Kí wọ́n tètè."